Kèké Tí A Ṣẹ́ Lórí Oyún Mi

Oyún mi ti pé oṣù mẹ́ta nígbà tí dókítà ní kí èmi àti ọkọ mi jókòó, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá wa sọ. Oyún kẹrin nìyẹn. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò kọjá oṣù karùn-ún. Wọ́n á máa dàgbà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mira, títí di ọjọ́ kan tí ìsàlẹ̀ ikùn mi á wúwo bíi pé wọ́n gbé òkúta sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti parí. Kì í sí ìrora púpọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, pé ara mi kì í kìlọ̀ fún mi.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Papalanto, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta ni wọ́n darí wa sí. Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa ni, kì í sì í fi Gẹ̀ẹ́sì da aláìsàn láàmú. Ó ya ilé-ọmọ sórí bébà, ó fi hàn wá bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń ṣí ṣáájú àsìkò lára àwọn obìnrin kan. Ó ní àwọn dókítà kan máa ń fi okùn rán ẹnu náà, wọ́n á fà á pọ̀ bí ẹni fa ẹnu àpò, wọ́n á sì tú u nígbà tí oṣù bá kù díẹ̀ kó pé. Àwọn dókítà mìíràn ní okùn náà kò wúlò, pé ó tún lè fa ibà sí obìnrin lára.

Ọkọ mi bi í pé, "Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni dókítà wí. "Kò sí ẹni tó tíì mọ̀. Ìdí tí a fi ń ṣe ìwádìí yìí nìyẹn."

Ó ṣàlàyé fún wa. Àwọn obìnrin tó bá gbà, wọn yóò ṣẹ́ kèké lórí wọn. Wọ́n á rán ti àwọn kan, wọn ò ní rán ti àwọn kan, wọ́n á sì máa ṣọ́ gbogbo wọn bákan náà. Kì í ṣe òun ni yóò yàn, kì í ṣe àwa náà. Ó ní bí òun bá ń fojú yàn, ti ẹni tí àánú rẹ̀ bá ṣe òun jù ni òun yóò máa rán, a ò sì ní mọ òótọ́ láéláé.

Nígbà tó pe kèké, Jónà ló wá sí mi lọ́kàn. Ilé kátíkíìsì ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo mọ ẹni tí kèké mú nínú ọkọ̀ ojú omi náà, mo sì mọ ibi tí wọ́n gbé e jù sí.

Ọkọ mi tún bi í. "Tó bá jẹ́ ìyàwó tiyín ńkọ́, dókítà?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ ìyàwó mi, màá ní kí wọ́n rán tirẹ̀, torí ẹ̀rù á máa bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìmọ̀."

Ó ní a lè kọ̀, òun ò ní torí ìyẹn pa ìtọ́jú wa tì. Ó tún ní bí kèké bá sọ pé kí wọ́n má rán tèmi, tí òun sì wá rí i pé ẹnu ilé-ọmọ ń ṣí, òun máa rán an lójú ẹsẹ̀, òun ò ní wo ojú kèké kankan.

A jáde lọ dúró lábẹ́ igi. Ọkọ mi ò fẹ́. Ó ní báwo ni ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ á ṣe jókòó, kó máa ní òun ò mọ̀. Èmi sì fẹ́. Gbogbo ẹni tó ti tọ́jú mi tẹ́lẹ̀ ló ní òun mọ̀, oyún mẹ́ta sì ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ní òun ò mọ̀ yìí ni ọkàn mi gbà, ọkọ mi sì gbà fún mi nígbẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá obìnrin kan pàdé lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà. Aláró ni, ará àdúgbò Ìjẹmọ̀, ìborùn funfun wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dú dé ọrùn ọwọ́ nítorí aró. Ó jù mí lọ díẹ̀. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kejì nílé ọkọ rẹ̀ ti bí, ó sì ti tún bí. Nílẹ̀ wa, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá. Àwa méjèèjì ò ní ọmọ tí wọ́n lè fi pè wá, nítorí náà Aláró ni wọ́n ń pè é, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pe ara wa.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ó ń wo oòrùn ṣáá, ó ní aṣọ ẹni ẹlẹ́ni wà nínú ìkòkò aró òun. Mo ní kó máa ṣáájú mi. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé àpótí kan jáde tó kún fún àwọn àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Ó mú tòkè pátá, ó ya á fún Aláró. Ó ní, "Wọ́n máa rán tiyín." Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ya á fún mi. "Wọn ò ní rán ti ẹ̀yin."

Mo gba bébà náà, mo tún un kà. Aláró wò mí, omi ti lé sí i lójú, torí ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù.

Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀."

Ká ní wọ́n gbà fún wa ni, ǹ bá ti fò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti gbọ́. "Kì í ṣe aṣọ ọjà Ìtòkú tí ẹ lè pààrọ̀ lèyí, ẹ̀yin obìnrin yìí. Èyí tó bá yín, òun ló bá yín." Ó mú Aláró wọlé lọ.

Wọ́n rán tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo lọ kí i ní wọ́ọ̀dù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn wúwo.

Dókítà ní kí n má máa gba ojú ọ̀nà Papalanto mọ́, nítorí kòtò àti gegele. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo kó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Igbein, nínú Abẹ́òkúta. Opó ni ìyá mi, èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù fún un. Láràárọ̀, kí n tó kí i káàárọ̀, ó ti bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ tọ̀ ni mo máa ń yẹ aṣọ abẹ́ mi wò kí n tó lè mí. Bí mo bá rí i pé ó mọ́, ara mi á balẹ̀ títí di ìgbà tí ìtọ̀ á tún gbọ̀n mí. Báyìí ni a ṣe wọ oṣù karùn-ún.

Ìyá mi ò sọ fún mi pé òun ti ń wá dókítà mìíràn kiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí takisí lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ti di ẹrù mi sí i. Ó ní ẹnì kan ní Ìbàdàn gbà láti fi okùn rán ilé-ọmọ mi lọ́jọ́ náà, láìsí kèké.

"Màámi, oṣù karùn-ún rèé. Ẹ jẹ́ ká bi dókítà ná."

"Èwo ni ká bi í? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ò ní òun ò mọ̀? Wọlé sínú ọkọ̀."

Mo wọlé, torí pé ẹ̀rù tó ń bà á náà ló ń bà mí. A ò tíì jáde ní ìlú tí ìsàlẹ̀ ikùn mi fi wúwo. Mo mọ ìwúwo yẹn bí ẹni mọ ohùn ọ̀tá. Òógùn bò mí.

Mo ní, "Dẹrẹ́bà, ẹ yí padà. Ọsibítù."

Ìyá mi ní, "Ìbàdàn là ń lọ!"

Dẹrẹ́bà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò mọ ti ẹni tí òun yóò gbọ́. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú, mo sì gbé e lé ibi tó wúwo náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí dẹrẹ́bà yí ọkọ̀ padà.

Dókítà yẹ̀ mí wò. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Mo ń ka orin ìyìn nínú ọkàn mi, mo sì ń gbàgbé ìlà kejì ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó yá, ó nà ró.

"Ó ṣì padé," ó wí. "Gbọingbọin ló padé. Ibà ló ń ṣe yín, kòkòrò sì ti wọ inú ìtọ̀ yín. Ẹ máa wà lọ́dọ̀ wa níbí."

Ìyá mi ti ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ni ẹ fi ń dán nǹkan wò! Tó bá ṣí lọ́la ńkọ́? Tó bá ṣí lóru ńkọ́?"

"Mọ́mì, bó bá fẹ́ ṣí pẹ́nrẹ́n, màá rán an."

"Kí ló dé tí ẹ ò rán an nísinsìnyí?"

"Nítorí pé ó padé, Mọ́mì. Bí mo bá fi ọ̀bẹ kan án pẹ̀lú ibà tó wà lára rẹ̀, èmi gan-an ni mo lè ṣí i."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó sì tú gèlè rẹ̀. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí níta.

Ibà náà ti ń fi mí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Aláró wọ wọ́ọ̀dù wa ní ọ̀sán kan. Ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó ń gbọ̀n, omi oyún rẹ̀ sì ti ń jò láti àárọ̀. Oyún rẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ibùsùn wa kọjú síra. Ó rí mi, n kò sì mọ ojú tí n bá fi wò ó. Dókítà ní okùn náà gbọ́dọ̀ kúrò kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá náà á bá a lọ. Wọ́n gbé e wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan tó tín-ín-rín gan-an, bí ohùn ọmọ ológbò. Ọmọkùnrin ni. Kí wọ́n tó kí ìrun Àsárì, kò mí mọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó ń pariwo pé ta ló ní kí ó lọ ṣẹ́ kèké. Ó yí padà, ó nawọ́ sí mi. "Ti ẹni yìí ni kèké náà! Òun ló kọ́kọ́ dé, tó ní kí tiwa máa ṣáájú!" Gbogbo ojú wá sí ara mi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi kó tó sọ ọ́. Ìyá mi dìde, ó wá dúró sáàárín èmi àti òun. Mo rí dókítà lójú fèrèsé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó gbé orí lé ọwọ́.

Odindi ọjọ́ méjì ni Aláró fi kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí.

"Tíṣà, ẹ wá."

Mo lọ jókòó létí ibùsùn rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó débẹ̀.

"Ẹ má sunkún. Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣé ó ń mira?"

"Ó ń mira."

Ó gbé ọwọ́ aláró rẹ̀ lé ikùn mi, kò gbé e kúrò títí ọmọ fi tàpá. Lẹ́yìn náà, ó tún kọjú sí ògiri. "Ẹ padà lọ dùbúlẹ̀," ó wí. "Ìjókòó yẹn ti tó."

Wọn ò dá mi sílẹ̀ láti lọ sílé mọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹfà, mo wà níbẹ̀ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ọkọ mi ń wá láti Papalanto ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì lára bàtà rẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ ọmọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, mo ní irọ́ ni. Àní nígbà tí orí ọmọ ti yọ, mo ṣì ń bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé kò tíì yá jù?" Ó ní, "Tíṣà, ẹ tì í jáde, ọmọ yín ti gbó!" Obìnrin ni. Ó ké débi pé ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́nu géètì.

Lẹ́yìn tí mo ti jáde ogójì, wọ́n ní kí àwa tí a wà nínú ìwádìí wá. N kò rò pé Aláró máa wá, ṣùgbọ́n ó wá. Ó wo ọmọ náà, ó ní, "Bàrákà," kò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí dókítà dé, ó bi í níwájú mi.

"Dókítà, ṣé okùn yẹn ló pa ọmọ mi?"

"Ó lè jẹ́ òun," ni dókítà fèsì. "Ó sì lè jẹ́ pé oyún náà ì bá má dúró láìsí okùn. Mi ò lè mọ̀ ọ́n lára ẹ̀yin nìkan."

"Bí ẹ bá wá mọ̀, ṣé ẹ máa sọ fún mi?"

"Màá wá sọ fún yín."

Aláró tún lóyún lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi okùn rán tòun. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára, pé ohun tí òun fẹ́ ni pé kí ẹnì kan bi òun kí ó tó ṣe é. Ó bí obìnrin, oṣù rẹ̀ pé.

Ó pẹ́ kí dókítà tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé agboolé Aláró ní Ìjẹmọ̀, ó jókòó sórí àpótí ìdáná láàárín àwọn ìkòkò aró. Aláró ló sọ ọ́ fún mi. Dókítà ní okùn náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́ lóòótọ́, pàápàá àwọn tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára léraléra, ṣùgbọ́n pé púpọ̀ nínú àwọn tí a rán tiwọn ni ì bá bímọ wọn láìsí i. Aláró bi í pé èwo wá ni tòun nínú rẹ̀. Dókítà ní títí di òní yìí, òun ò lè sọ.

Aláró ní òun gbé omi tútù fún un. Dókítà mu ún tán, ó dúpẹ́, ó sì jókòó ti Aláró títí obìnrin náà fi sá aṣọ ọjọ́ náà tán.