Àwọn Ọkọ Ìyàwó Mi

Ọkọ tí ìyàwó mi ní pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o, ọmọlúwàbí ni, kò sì sí àlè kankan níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa ní Ìgèdè ni mò ń sọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti bí sí agbo ilé kí ìyàwó tó wọ ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ọmọ tí kò tíì mọ imú fọn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: inú àṣà yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi, mi ò bá a jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo àwọn ọkọ wọ̀nyí, èmi tí mo bá a dúró níwájú pẹpẹ ni wọ́n tò sẹ́yìn pátápátá.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Iléèwé tí wọ́n gbé e lọ jìnnà sí Adó tí à ń gbé, ó háyà yàrá kan síbẹ̀, Fúráìdé ló máa ń wálé. Sọ́ńdè, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni láti àárọ̀ dalẹ́, torí òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Sátidé nìkan ló kù fún wa, Sátidé yìí gan-an sì ni àwọn ará ilé wa ń sìnkú, tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ, tí wọ́n ń ṣe ìdána. Bí wọ́n bá ti fẹ́ sè, àwọn ìyàwó ilé ló máa sè é. Ìyàwó tí kò bá wá, wọ́n á máa fi í sọ̀rọ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi gbéyàwó. Mo máa ń ráhùn. Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, á ní orúkọ mi lòun ń tún ṣe, kí wọ́n má baà ní ọmọ àwọn ò rí ìyàwó fẹ́.

Sátidé kan wà tí a ti jọ ṣàdéhùn tipẹ́ pé a máa fi lọ sí Ìyìn. Ilé kékeré kan là ń kọ́ síbẹ̀. Bíríkìlà ò lè gbé ògiri ilé ìdáná ró, torí mo ní ìyàwó mi ló máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò ráyè, koríko ti ń hù níbi tó yẹ kí ààrò wà. Kì í kúkú ṣe ti ògiri ló ká mi lára. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ dúró níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè é. A ti ń dà bí ayálégbé méjì: ká kí ara wa, ká béèrè bóyá iná wà, ká sùn.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, kò tíì bọ́ bàtà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, òun ló máa ń pàṣẹ fún àwọn ìyàwó ilé. Wọ́n fẹ́ sin ìbátan wa kan lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ìyàwó ti pé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú fóònù létí, ó ní, “Ẹ ṣé, ọkọ mi, màá dé.” Kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo bá ìbínú sùn, mo sì bá a jí. Ó ń sùn fọnfọn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo pa áláàmù fóònù rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ ilé ìdáná, mo wọkọ̀ Ìgèdè. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́, iṣẹ́ ni wọ́n máa rí. Tí mo bá ti ṣe ìpín tirẹ̀ tán, màá padà wá mú un lọ sí Ìyìn. Mo bá àwọn ìyàwó ilé nídìí iṣu, mo fa àpótí, mo jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ àwọn ń ṣeré. Nígbà tí mo bẹ ọ̀kan tán tí mo mú òmíràn, ẹ̀rín dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rọra bẹ̀ mí pé kí n dìde, pé wàhálà ni mò ń fà fún ìyàwó mi. Mi ò gbọ́.

Àbúrò bàbá mi dé, ó dúró lé mi lórí.

“Ùwọ, uṣu lo ń bẹ láàárín obìnrin, nínú ulé bàbá rẹ?”

Mo ní ìyàwó wọn ni mo wá ṣojú fún, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn ti ń gbọ́ pé ìyàwó mi ti fi mí sínú ìgò, àwọn ò mọ̀ pé ó ti dé e lọ́mọrí. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun.

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń rí i, Màmá,” mo ní. “Gbogbo yín lẹ̀ ń rí i. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ìgbà wo ló máa kàn mí?”

Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó fa fóònù yọ, ó bọ́ síta. Mo mọ ẹni tó ń pè.

Mo dìde, mo wá ọkọ̀ padà sí Adó. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Fájuyì, mo rí ìyàwó mi nínú ọkọ̀ Ìgèdè kan tó ń dúró de èrò. Ó wọ ìró àti bùbá, ó gbé àpò obì lé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bi í pé níbo. Ó ní òun ń lọ bẹ àwọn ọkọ òun ni, pé gbogbo wọn ló ń bínú.

“Èmi ńkọ́?”

Ìbéèrè yẹn yà á lẹ́nu, mo rí i lójú rẹ̀.

“Dádì,” ó ní, “ẹ̀yin kì í kúkú bínú.”

Àṣé ohun tó tò mí sẹ́yìn nìyẹn. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú. Mo sọ fún un níwájú dírẹ́bà àti gbogbo èrò pé mò ń bínú, pé inú ti ń bí mi tipẹ́, pé tó bá jẹ́ ẹni tó ń bínú ni wọ́n ń bẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Dírẹ́bà ní kí ẹni tó ń lọ jókòó dáadáa, kí ẹni tí kò lọ sọ̀.

Ó sọ̀. Obì tó rà fún wọn, èmi ló kó o fún.