Ìyá Mi Jókòó Sórí Títì

Nígbà tí mo ṣì kéré ju ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí lọ, omi ni wàhálà ilé wa ní Kétu. Ògì ni ìyá mi ń ṣe tà, ẹni tó bá sì ti ṣe ògì rí mọ̀ pé omi gan-an ni iṣẹ́ náà. Omi la fi ń rẹ àgbàdo, omi la fi ń sẹ́ ẹ, àràárọ̀ la sì ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀. Tí kànga àdúgbò bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò lápá Ìkòsí là ń lọ.

Ẹrẹ̀ lójú pópó wa náà nígbà yẹn. Bí òjò bá rọ̀, ọwọ́ làwọn oníbàárà ìyá mi ń gbé bàtà wọn sí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe títì kó kátapílà dé. Àwọn ìyá àdúgbò ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn láràárọ̀ títí wọ́n fi da ọ̀dà tán. Ẹ ò rí ayọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ń gbá títì yẹn bí ẹni ń gbá pálọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkùnrin kan jà torí pé ó la igi ìdáná sórí rẹ̀.

Ọ̀dà ò tíì pa dídán tì tí ọkọ̀ míì fi dé, tòun ti páìpù àti dígà. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ títì gba àárín kọjá. Ìyá mi gbé ẹní, wọ́n tẹ́ ẹ sórí títì, wọ́n jókòó. Àwọn obìnrin yòókù náà jókòó tì wọ́n.

Ọ̀gá àwọn onípáìpù rọra bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mama, omi la gbé wá fún yín.”

Ìyá mi bi í pé, “Àwọn tó ṣe títì yìí, ṣé ẹ ò mọra ni?”

“A mọra, Mama. Ilé ìjọba kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ la wà, àwọn wà lókè.”

“Ẹ lọ bá wọn lókè, kí ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó padà wá.”

Wọ́n kó páìpù wọn, wọn ò padà wá mọ́. Òpópónà kejì, tí kò ní ọ̀dà, ni wọ́n ri páìpù náà sí. Ibẹ̀ ni ìyá mi wá ń lọ tò sí ìdí ẹ̀rọ omi, táwọn ará ibẹ̀ á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Onítítì dé o.” Ìyá mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ garawa kalẹ̀ nílé, wọ́n á di ọrùn mú. Ó máa ń dùn mí.

Lónìí, ilé kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ kànga ẹlẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ẹ̀yin kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni, kálukú wá di ìjọba ara rẹ̀ nínú ọgbà. Títì yẹn náà, wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, iye ìgbà rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Àwọn kan ń sọ pé ìyá mi ló lé omi lọ. Mi ò gbà. Ohun tí ìyá mi ń fẹ́ ò ju pé kí títì àti omi jọ dé lọ. Wọ́n ti lọ sinmi báyìí, omi ẹ̀rọ ò sì dé iwájú ilé wọn títí wọ́n fi kú.