Agbọ̀n Iṣu Lórí Ọ̀gbẹ́ni Fálayé

Ọ̀gbẹ́ni Fálayé ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nídìí iṣẹ́ tíṣà. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹlòmíràn pè é. Òun ni olórí àwa tí à ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìtàjí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀, "carry" ni mo fẹ́ kọ́ Fọ́ọ̀mù Tíríì. Àwa ń ru igi, à ń pọn ọmọ, à ń gbé àpótí, à ń kó ìwé; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbà. Wọ́n ṣáà ń kọ ọ́ pé ìyá ń "back" ọmọ. Mo bá gbé agbọ̀n iṣu wọ kíláàsì, mo sì bẹ obìnrin ẹlẹ́pà tó wà lẹ́nu géètì pé kó wọlé, tòun tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, tíṣà," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èrò mi ni pé bí wọ́n bá ti fi ara ru ẹrù, yóò rọrùn láti mú wọn dé orí èyí tí a kì í fọwọ́ kàn: ẹ̀bi, ìròyìn, orúkọ ìdílé. N kò tíì débẹ̀ tí Fálayé fi yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mísì, kíláàsì nìyí àbí ọjà?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, ó gba kíláàsì náà, ó fi mí sí Fọ́ọ̀mù Wáànù.

Ní táàmù tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ láti kíláàsì kejì. Mo lọ yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin ẹlẹ́pà mi ló dúró níwájú, Fálayé fúnra rẹ̀, tòun ti táì lọ́rùn, ló ru agbọ̀n iṣu!

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀gá ni ọkùnrin náà. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó nu orí, ó bi wọ́n pé ní báyìí tí orí òun ti ṣófo, kí ló tún kù tí òun lè máa "carry"? N kò ronú kan irú ìbéèrè yìí rí.

"Ìròyìn, sà!"

"Ẹ̀bi, sà!"

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. "Àṣírí, sà."

Fálayé gbójú sókè, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí gbogbo kíláàsì fi pa lọ́lọ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì jí ìdákẹ́jẹ́ náà lò. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, bí ọmọ bá ti dáhùn dáadáa, n óò dákẹ́. Àwọn tíṣà kéékèèké a máa wá wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ùsì láti gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi tó gbà lọ́jọ́sí. Ó ti darúgbó gan-an. Ìwé náà wà lórí tábìlì, ó ti gbó, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ eteetí rẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tó wà ní ikùn mi fún un. Lẹ́yìn náà ni mo yìn ín nítorí ọgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ọgbọ́n kẹ̀, Mísì? Ojú rẹ ni mo rí lójú fèrèsé. Ohùn há mi lọ́fun ni."