Ọjọ́ tí Ìyá Ìjọ Sín

Gbùn, gbùn-gbùn, gbùn. Ọmọbìnrin ìyá àgbà tó ń bá wa gbélé ń lu igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí omi nínú ọpọ́n. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó ń mi orí lọ, ó ń mi í bọ̀. Òórùn tùràrí gba gbogbo àgbàlá wa ní Hayin Dogo. Èémí rẹ̀ á kọ́kọ́ máa tẹ̀ lé igbá náà jẹ́jẹ́. Bí igbá bá yára, èémí á yára, títí ojú rẹ̀ á fi yí padà, tí ohùn ọkùnrin á sì máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ̀mí ti gùn ún nìyẹn. Ẹṣin ni àwọn oníbòrí ilẹ̀ Háúsá ń pe ẹni tí ẹ̀mí bá gùn, bí àwọn ará ilé bàbá mi ṣe ń pe tiwọn ní ẹlẹ́gùn. Bí ẹ̀mí bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà á sín. Ọmọ rẹ̀ á ní, "Ya sauka," ìyẹn ni pé ó ti sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà á sì béèrè omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Káká ni gbogbo wa ń pè é, bí Háúsá ṣe ń pe ìyá àgbà. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Láàárọ̀, òórùn atalẹ̀ àti kànáfùrù inú kúnú rẹ̀ ló máa ń jí mi, èmi ni mo sì máa ń bá a kù jéró rẹ̀.

Ìyàwó onílé wa, tó tún jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò fẹ́ rí i. Ó ní zakami ni Káká ń pò mọ́ kúnú, ewé tí àwa ń pè ní gegemu, tó ń sọ ènìyàn di wèrè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún dáadáa, òun náà á máa yí nílẹ̀. Tirẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Káká ti ń múra bòrí, Ìyá Ìjọ jáde sí àgbàlá. "Kí arúgbó yìí kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ mi lónìí."

Káká dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀. Kò ní ibòmíràn. Ọkọ ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ oníbòrí nílé.

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó gbé kúnú Káká, ó sì mu ún tán.

"Ìyá Ìbejì, o ti para ẹ," Ìyá Ìjọ ké.

Ìyá mi nu ẹnu. "Atalẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀." Ó fa àpótí, ó jókòó. "Ẹ wá jókòó, Ìyá Ìjọ. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró de wèrè náà."

A dúró. Ọmọ Káká kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ ṣe, ló bá tún ń lu igbá. Wèrè kò dé. Ẹsẹ̀ Ìyá Ìjọ ni mo ń wò. Ó ti ń lu ilẹ̀. Orí rẹ̀ ń mì bó ṣe máa ń mì nígbà orin ìyìn. Ni ọyẹ́ bá gbé eruku wá, Ìyá Ìjọ sì sín.

Igbá dákẹ́. Káká gbójú sókè.

"Sannu, 'yata," ó rọra wí. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. "Ya sauka."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ wọlé, kò sì sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́. Yàrá yẹn ni Káká wà títí ó fi kú.

Láìpẹ́ yìí, níbi ìrántí Ìyá Ìjọ, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sọ pé ìyá òun fi àánú gba arúgbó kan tí gegemu ti dà lórí rú sílé. Èmi náà kàwé. Mo mọ̀ pé àwọn oníbòrí kan ń lo ewé yẹn. Káká kò lò ó. Ìyá mi ló mu kúnú. Ìyá tirẹ̀ ló sín. N kò sọ ọ́ níbẹ̀, torí ìrẹsì wọn dùn. Mo ń kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀mí kankan kò gùn mí rí, àfi ìbínú, òun náà sì mọ ẹṣin gùn. Bó bá ti gùn mí báyìí, mo máa ń dojú igbá dé sórí omi ní ilé mi ní Gyellesu, kí n máa lù ú, kí èémí mi máa tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ yìí, eruku ọyẹ́ pọ̀. Mo lu igbá títí, mo sì sín.

"Sannu, Káká," ọmọ-ọmọ mi kí mi láti inú yàrá.

Ìbínú ti sọ̀ kalẹ̀, títí di ọ̀la.