Fèyí, Ọmọ Tí Mo Pọ̀n Lọ Dí Ihò Ọkàn

Kò sí ihò ọkàn tí wọ́n dí rí nílé ìwòsàn wa ní Sùúrùlérè tí ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà lára bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí mo fi ń ti aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà tiátà. Tí mo bá ti débẹ̀, wọ́n á ní kí n máa lọ. Pọ́tà ni mí. Polì tí mo lọ, èmi kọ́ ni mo parí ẹ̀, òun ló parí mi.

Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ni Fèyí wà tí wọ́n fi dé láti Múṣin. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, àmọ́ tó bá rìn díẹ̀, èémí ẹ̀ á máa já, á lóṣòó sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò wá jẹ́ kó rìn mọ́, pípọ̀n ló ń pọ̀n ọ́n kiri.

Ìyá yìí bi mí bóyá wọ́n máa la àyà ọmọ òun. Mo wúkọ́ bíi dókítà. Mo ní wọn ò ní la nǹkan kan: iṣan itan ni wọ́n máa ti kátítà gbà, rọ́bà tínrín kan báyìí, títí dé inú ọkàn. Ìdérí kékeré tó ká jọ sínú ẹ̀ á wá ṣí bí agboòrùn, á dí ihò náà pa.

Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, dókítà."

Kí n tó gbádùn ẹ̀ tán, Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ti pè mí látinú yàrá pé kí n wá da ìtọ̀ nù.

Nígbà tí mo ti bẹ́ẹ̀dì dé láti gbé e lọ tiátà, Fèyí figbe ta. Èémí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n ti sún iṣẹ́ yìí síwájú rí torí ikọ́ tó ń ṣe é; Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní tí kò bá dákẹ́, wọ́n á tún sún un. Ìyá ẹ̀ ò sì lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Ló bá tú ìró, ó di ọmọ mọ́ mi lẹ́yìn.

"Àṣàkẹ́ ni kẹ́ ẹ máa pè é."

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò ní kí n máa lọ. Bí mo ṣe wọ tiátà nìyẹn, tèmi ti irùngbọ̀n, ìró olódòdó láyà mi, tí mò ń pe Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́ mi, torí ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nínú oríkì ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ ọkàn ẹ̀ tó ń lù mí lẹ́yìn, kìì-kìì-kìì. Mi ò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe.

Iṣẹ́ náà yọrí. Bó ṣe jí ní wọ́ọ̀dù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ pọ̀n mí." Ìyá ẹ̀ fún mi ní ìró, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó já a gbà lọ́wọ́ mi.

"Itan tí kátítà gbà wọlé lo fẹ́ ká mọ́ ẹ̀yìn ẹ, kí ẹ̀jẹ̀ máa tú? Gbogbo àlàyé tó o ń ṣe fún ìyá ẹ̀, ìwọ alára ò gbọ́ ọ?"

Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ. Mo jókòó tì í, mò ń pe Àṣàkẹ́ títí ó fi sùn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó padà wá fún àyẹ̀wò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo sáré lóṣòó níwájú àtẹ̀gùn, mo kẹ̀yìn sí Fèyí, mo ní, "Àṣàkẹ́ mi, ó yá, gun ẹ̀yìn mi."

Ó wo àtẹ̀gùn, ó wò mí.

"Ẹ dìde, Bọ̀dá. Mà á rìn."