Kúnú Ọjọ́ Òjò

Láàárọ̀ òní, òjò ń rọ̀ lórí páànù wa ní Danmagaji, nílẹ̀ Hausa níbí, bí ẹni ń da òkúta sílẹ̀, ni òórùn kúnú gbígbóná bá wọlé tọ̀ mí wá, òórùn jéró, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, tó ti kan díẹ̀, tí wọ́n lọ atalẹ̀ àti kànáfùrù sí. Ọmọ ọmọ mi, Sékínà, tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀, ló gbé e wá. Mo mu ife kan tán, mo ní kó bu òmíràn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin àti kúnú! Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹ ó máa béèrè ẹ̀." Mo ní kó jókòó, kó mú bírò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé ọ̀kánjúwà ló ń ṣe mí. Ẹ ò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí mi ò lè wo kúnú lójú.

Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, la gbé dàgbà, nínú agbo ilé kan tí ará Ìlọrin wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ará Ọ̀yọ́ wà lọ́wọ́ òsì, tí igi dogoyárò ńlá kan sì dúró láàárín bí adájọ́, nítorí abẹ́ rẹ̀ la ti ń parí gbogbo ìjà. Ìyá Oníkúnú ni wọ́n ń pe màámi. Ìkòkò jéró mẹ́fà ló máa ń tò sẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá wa. Jéró á wà nínú omi, á máa kan, á máa hó wúyẹ́wúyẹ́ bí àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí ńbẹ̀. Ohùn yẹn ló máa ń mú mi sùn lọ.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́dún tí omi yalé wa. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo ti ilé kéú dé, mo jókòó sínú yàrá, mo ń fọ wàláà mi. Omi ò gba ẹnu ọ̀nà bí àlejò. Ògiri ẹ̀yìn ló wó lulẹ̀, tí omi bá ibẹ̀ wọlé. Ó gbé èmi, ó gbé ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gbogbo wọn fọ́. Omi tó wọ ẹnu mi, tó wọ imú mi, kíkan jéró ló wà nínú ẹ̀. Irun mi ni màámi fi rí mi mú. Orí dogoyárò la wà títí omi fi fà. Àlùhámúdùlílà, gbogbo wa la yè. Ṣùgbọ́n omi yẹn ò kúrò lára mi.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ń ṣàn, bó bá ti kan ahọ́n mi, ọ̀fun mi á ti ìlẹ̀kùn. Kúnú ni o, ọbẹ̀ ni o, túwó tí ọbẹ̀ kàn lásán ni o. Kúlíkúlí ni mo ń jẹ, àti ẹ̀pà sísun, àti etí àkàrà tó bá gan. Omi mímu pàápàá, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń lá a bí ológbò. Mo wá ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ kiri: kúlíkúlí létí ìró mi, kúlíkúlí lábẹ́ ẹní, kúlíkúlí nínú bàtà màámi. Àwọn èèrà ló tú mi fó. Àwọn ọmọ agbo ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ oníkúnú kì í mu kúnú! Kí ni ìyá ẹ̀ ń bù sí i?" Àwọn oníbàárà náà gbọ́, àwọn kan ti ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo igbá màámi.

Yẹ̀yẹ́ ò pa ọmọ, ebi ló ń pa á. Mo rù títí ìdí mi ò fi gba ìlẹ̀kẹ̀ dúró mọ́. Ọjọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ náà já bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tí okùn ẹ̀ ò já, màámi mú un nílẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sunkún.

Wọ́n wá ní àwọn ó rọ mí. Ẹ̀yin ò mọ rírọ mọ́. A ó tẹ́ ọmọ ọwọ́ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe igbá sí i lẹ́nu, a ó dí i nímú, a ó da ẹ̀kọ sí i. Kò níbi tó fẹ́ mí sí, àfi kó gbé e mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Àmọ́ èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀. Bí kúnú yẹn ṣe wọ imú mi, ògiri tún wó lẹ́ẹ̀kejì. Mo gé màámi lọ́wọ́ jẹ. Igbá dànù lé àwa méjèèjì lórí.

Ìgbà náà ni Inná, ọmọbìnrin Fúlàní tó máa ń gbé nọ́nọ̀, wàrà kíkan, wá láti ọ̀nà Bomo, dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ igbá kalẹ̀. "Hábà, Màmá! Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀!"

Màámi fi Hausa dá a lóhùn: "Kí n fi í sílẹ̀ kó kú?"

"Ẹni tí omi gbé, ẹ tún ń da omi lù ú?"

Màámi wo ọwọ́ wọn tí àpá eyín mi wà lára ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Inná gbé wàrà tútù wá, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, pẹ̀lú ewé bọmubọmu. Ó gbé e kaná, ó gún ewé, ó sẹ́ omi ẹ̀ sínú igbá kékeré, ó sì nà án sí mi. "Ìwọ ni kí o dà á sí i." Mo dà á. Mo dúró. Wàrà tó ń ru gùdù bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì, ó ń kó ara jọ, ó ń dì. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń ṣàn dúró, nítorí pé èmi ni mo ní kó dúró! Inná kó o sínú apẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀ ro dànù, ó gé díẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbóòórùn ẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Mo ní, "Ṣé ó kù?"

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni màámi wà látìgbà yẹn. Wọ́n jáde síta, wọ́n kúnlẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

Wàrà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo dé orí túwó, mo dé orí ọbẹ̀ tó ki. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹnu mi mọ́. Màámi kó àwọn ìkòkò tuntun wọn kúrò ní yàrá lọ sábẹ́ àtíbàbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò ńlá kan ṣú, ó sì dà. Gbogbo agbo ilé ń wò mí lábẹ́lẹ̀. Mo dìde, mo fọwọ́ ara mi bu kúnú, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kọjú sí òjò. Mo mu ún. Mo mu ún títí ó fi tán, mo sì da igbá dé orí kí wọ́n lè rí i pé kò sí ẹ̀kán kan nínú ẹ̀. Ariwo sọ! Màámi bọ́ sínú òjò, wọ́n ń jó: "Ọmọ oníkúnú ti mu kúnú o! Ẹ gbé igbá yín wá!" Ọ̀fẹ́ ni wọ́n bù ú fún gbogbo ilé lọ́jọ́ náà. Àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ tò.

Wọ́n ti gé dogoyárò yẹn, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé yẹn di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ike la fi ń rẹ jéró báyìí, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí ìkòkò. Màámi ti lọ, mi ò sì mọ ibi tí màlúù da Inná lọ. Rírọ náà ti ń lọ, èyí ò dùn mí. Àmọ́ òjò ò yí padà, kúnú ò sì yí padà.

Sékínà ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ sí etí ìró mi, ó tú kókó ibẹ̀, ó bá kúlíkúlí méjì. "Màmá, ẹ̀rù ṣì ń bà yín nìyẹn?"

Mo ní, ẹ̀rù mọ ilé mi, ọmọ mi, a ti jọ dàgbà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń bu oúnjẹ fún mi mọ́. Dìde, òjò ò tíì dá. Bu ife kẹta wá.