Ìgò Epo Díákónì Ògúnlẹ́yẹ

Bí ẹ bá dé Bódìjà tí ẹ béèrè Díákónì Ògúnlẹ́yẹ, kì í ṣe pé ó ti kú ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìgò ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ pàápàá á sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló di ọrùn ìgò náà mú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹnu Wándé, tó jókòó ti ọkùnrin náà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ni mo ti gbọ́ tèmi, ojúlówó sì ni.

Ọdún 1962 ni. Wándé ń bá wọn ta ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń so táì mọ́rùn bí oòrùn ti wù kó mú tó. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Díákónì Ògúnlẹ́yẹ wọlé dé pẹ̀lú ṣòkòtò kàkí, ó fi ìgò ọtí òyìnbó kan há abíyá. Wándé sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Má fòyà," ni Ògúnlẹ́yẹ wí. "Bẹntiróòlù ló wà nínú ẹ̀. Fa epo inú ọkọ̀ ńlá yẹn gbẹ, ká da tèmi sí i, ká máa wà á lọ. Ibi tó bá kú sí, ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá èmi pẹ̀lú ẹ̀ á jọ lè máa gbé."

"Sà, wọn kì í ra ọkọ̀ báyìí."

"Èmi ń rà á báyìí."

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba ni Ògúnlẹ́yẹ. Ó wà lára àwọn tó wọn ilẹ̀ Bódìjà kí wọ́n tó kọ́ ilé kankan sí i, kò sì sí ohun tó máa gbà gbọ́ láyé yìí bí kò bá tíì wọ̀n ọ́n. Ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ sọ iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ. Ògúnlẹ́yẹ ní ẹni tó ń ta iṣu kọ́ la máa ń bi bí iṣu ṣe dùn sí.

Ọkọ̀ ńlá náà gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, irin méjì tó rí bí ìrù ẹja sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gba Ríńgì Róòdù. Wándé ní òun kò rí àgbàlagbà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Díákónì ṣí fèrèsé, atẹ́gùn gbé fìlà rẹ̀ sọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin ìsìn, ó ń fi ọwọ́ lu ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹsẹ kẹta orin ni wọ́n wà tí ọkọ̀ wú ikọ́, tó wú òmíràn, tó sì kú. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Díákónì fúnra rẹ̀ ló kú sí, ní Ṣálẹ́ńjì, àsìkò tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ìpàdé, tí Pásítọ̀ dúró tó ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Ògúnlẹ́yẹ sọ̀kalẹ̀, ìgò òfìfo lọ́wọ́.

"Díákónì," ni Pásítọ̀ wí, "kí lojú mi ń rí yìí?"

"Ìgò ni, sà."

"Ta ló mu ohun tó wà nínú ẹ̀?"

Ògúnlẹ́yẹ nawọ́ sí ọkọ̀. "Òun ni, sà. Láti Dùgbẹ̀ ló ti ń mu ún bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kò lè dìde mọ́."

Láti ọjọ́ náà làwọn kan ti ń pè é ní ahun. Irọ́ ni wọ́n pa. Ahun kì í pe gbogbo àdúgbò wá jẹun lọ́jọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé ìgò lé e lọ́wọ́.

Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Tíṣà ni obìnrin náà, ó sì pẹ́ tó ti ń ṣe igbákejì fún àwọn ọ̀gá tí kò mọ iṣẹ́ tó o. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí í ṣe ìlú àwọn méjèèjì. Òun àti Ṣọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kó lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí Ògúnlẹ́yẹ kúrò n'Ìbàdàn. Ní Sátidé, á lọ wọ lọ́rì ní Ojóò. Lọ́rì á dúró kó àgbàdo, á dúró kó ewúrẹ́, á tún dúró kí dírẹ́bà lọ kí àna rẹ̀. Nígbà tí ọkọ bá máa dé, ìyàwó ti fẹ́ lọ sùn. Ìgbà mìíràn wà tí kì í dé rárá.

Lọ́jọ́ kan, Moróunkẹ́ ń gbọn eruku kúrò lára fìlà rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, mi ò fẹ́ irú ọkọ tó jẹ́ ọdún Kérésì nìkan ni mo máa ń rí i. Bí ẹ bá wá ní Sátidé yìí tí ẹ ò wá ní tọ̀hún, n ó dá kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé padà fún wọn, n ó sì wá bá yín ní Bódìjà."

"O ò ní dá kọ́kọ́rọ́ kankan padà," ni Ògúnlẹ́yẹ wí. "Mo máa ra ọkọ̀."

"Irú èwo?"

"Irú tó máa gbé mi wá ní gbogbo Sátidé."

Ó mọ̀ pé obìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ó sì mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe jinlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ di ọ̀rọ̀ ńlá lójú rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀, gbogbo Bódìjà ló sì mọ̀ ọ́n sórí, nítorí kò sí ẹni tí kò kọ́. Ó ní, "Ọkọ̀ tó bá ń mu epo jù, àpò ni yóò dá ọ dúró nílé. Ọkọ̀ tí kò bá dùn ún wà, ọkàn ni yóò dá ọ dúró. Lọ́sẹ̀ kẹta, wàá ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Èmi ò fẹ́ kí àpò tàbí ọkàn rí àwáwí kankan sọ."

Àwọn ará Bódìjà ní kó ra ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, bí gbogbo ayé ṣe ń rà á. Ó ní ṣé gbogbo ayé ló fẹ́ Moróunkẹ́ ni.

Ó padà sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Wándé fún un ní ọkọ̀ kékeré kan tí orúnkún èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n nínú rẹ̀. Ní ti epo, kò sẹ́ni tó lè bá ọkọ̀ yẹn wí. Wọ́n wà á dé Bódìjà, wọ́n wà á dé Agbowó, wọ́n ń pòyì kiri, epo kò tán. Wándé ti ń rẹ́rìn-ín pé òun ti tajà. Ìgbà tí wọ́n wá ń gun òkè Mọ́kọ́lá ni bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́, tó di igi ìdáná sẹ́yìn rẹ̀, yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó kí wọn pé ẹ kú ìrìn, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì kọjá lọ.

"Ṣé o rí bàbá yẹn?" ni Ògúnlẹ́yẹ wí. "Òun ló máa kọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Dá ọkọ̀ yìí padà."

Ọkọ̀ kẹta, Wándé kò tilẹ̀ fẹ́ fi hàn án. Àlòkù ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé e sí, ó rí roboto bíi búrẹ́dì, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti búrẹ́dì. Ògúnlẹ́yẹ da ìgò sí i. Ẹ wá wo ọkọ̀! Bó ṣe dé ìdí òkè Mọ́kọ́lá, ó gbé ohùn sókè, ó gùn ún láìbẹ ẹnikẹ́ni. Díákónì tún bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n ti rìn kiri ìgboro láti àárọ̀ lórí ìgò kan yẹn. Wọ́n gun òkè náà lọ, wọ́n gùn ún bọ̀, wọ́n sì tún gùn ún. Orí òkè gan-an ni epo ti wá tán pátápátá.

"Ó kú, sà," ni Wándé wí.

Ògúnlẹ́yẹ kò tẹ búréèkì. Ó fi gíà sí fíríì, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ. Ẹ́ńjìnnì kò sọ nǹkan kan. Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́ wọlé láti fèrèsé, àwọn èèyàn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń wò wọ́n kọjá. Wọ́n yí, wọ́n yí, títí wọ́n fi dé Dùgbẹ̀, tí ọkọ̀ fi rọra dúró nítòsí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà náà ni Ògúnlẹ́yẹ yíjú sí Wándé, ojú rẹ̀ ń dán.

"Èyí tó dùn jù nínú gbogbo ìrìn yẹn," ló wí, "kò ná mi ní kọ́bọ̀. Èyí ni mò ń rà."

Bí ọkọ̀ tí a wá ń pè ní Búrẹ́dì ṣe di tirẹ̀ nìyẹn, Wándé sì di ọ̀rẹ́ ilé. Láti ọjọ́ náà lọ, Ògúnlẹ́yẹ kò fi ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ òkè mọ́. Ó mọ gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín Bódìjà àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa gbé e dé. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ìkẹyìn, tó lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ìyàwó rẹ̀. Á pa ẹ́ńjìnnì lókè, á yí wọ́ọ́rọ́wọ́ dé géètì, á sì fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọmọ ilé ìwé á mọ̀ pé ọkọ ọ̀gá ti dé.

"Ẹ ti tún pa ẹ́ńjìnnì," ni Moróunkẹ́ á wí. "Bí búréèkì bá já ńkọ́?"

"Kò ní já."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Epo tó ṣẹ́kù, ti Sátidé tó ń bọ̀ ni."

Obìnrin náà kò gbà rárá. Bí wọ́n bá jọ jáde, bí wọ́n bá ti dé orí òkè, á ní kó dúró. Á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ rin òkè náà wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọ̀gá àgbà, ọkọ rẹ̀ á sì máa dúró dè é nísàlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. "Moróunkẹ́, o ò mọ ohun tí ò ń pàdánù," á wí. Obìnrin náà á ní ẹsẹ̀ òun ni òun kò fẹ́ pàdánù.

Ọdún 1965 nìkan ni Sátidé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àsìkò wẹ́tíẹ̀ ni, tí ìjà òṣèlú le, tí wọ́n ń da epo sun ilé àti èèyàn. Ẹni tó ní làákàyè kì í gbé ìgò bẹntiróòlù rìn nígbà náà. Ògúnlẹ́yẹ gbé tirẹ̀ sínú ọkọ̀ bó ṣe máa ń gbé e ní gbogbo Sátidé, bóyá epo á tán lọ́nà, kò tilẹ̀ ro ti ìjà náà. Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró ní Ojóò, wọ́n gbóòórùn ìgò.

"Ta lẹ ń gbé èyí lọ bá?"

"Ìyàwó mi ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ọlọ́pàá kejì bojú wò ó tàánútàánú. "Bàbá, kí ló ṣe yín?"

Ó dúró níbẹ̀ ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Sátidé fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ kún un, títí ọ̀gá wọn fi di ikùn mú fún ẹ̀rín. Wọ́n ní kó da epo náà sínú táǹkì lójú àwọn, kó sì máa lọ. Ó dé géètì kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969 ni àìsàn kan gbé e dè fún ìwọ̀nba ọjọ́, tí Ògúnlẹ́yẹ sì dágbére fáyé. Ó dùn wá gan-an. Ìlú rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sin. Mọ́tò tó gbé pósí ló ṣáájú, Wándé sì ń wa Búrẹ́dì tẹ̀ lé e, Moróunkẹ́ jókòó níwájú, Ṣọlá wà lẹ́yìn. Lọ́nà, Wándé ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́, Ṣọlá ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Nígbà tí wọ́n dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn yẹn, Wándé dúró. Ó mọ òfin. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí lọ sí ọ̀dọ̀ Moróunkẹ́, ó ṣí ìlẹ̀kùn fún un kó sọ̀kalẹ̀. Obìnrin náà kò mira.

"Mà, ṣé ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀ ni?"

"Padà wá jókòó, Wándé. Pa á."

Wándé pa ẹ́ńjìnnì, ó fi gíà sí fíríì. Búrẹ́dì rọra bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ìró táyà lórí ọ̀dà nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àti atẹ́gùn tó ń wọlé. Moróunkẹ́ di báàgì rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín òkè, ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?"

"Báyìí ni, mà."

"Ó máa ń sọ fún mi," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ fún mi."

Ọkọ̀ yí dé géètì, ó dúró. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Moróunkẹ́ na ọwọ́ kọjá níwájú Wándé, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́tò tó gbé pósí ti lọ síwájú sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì jìnnà. Wándé fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti ṣíná sí ẹ́ńjìnnì.

"Fi sílẹ̀," ni Moróunkẹ́ wí, ó ti ń ṣí ìlẹ̀kùn. "A ó fẹsẹ̀ rìn ín. Epo tó ṣẹ́kù, ti Sátidé tó ń bọ̀ ni. Mo ṣì máa lọ kí i ní ibojì."